Ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àdúrà tí mi ò gbà

Oníwèé Orúkọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn kì í dá sí i ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ báyìí tó wúwo jù fún èmi nìkan, mi ò sì lè gbé e lọ bá àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́, torí àwọn gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Mo wà lára àwọn tó ń gbàdúrà ẹ̀bẹ̀ ní ìjọ wa. Ọdún kẹsàn-án rèé. Iṣẹ́ náà ò le lójú: bí ẹnikẹ́ni bá ní ìṣòro, á fún wa ní orúkọ, àwa á sì máa pe orúkọ yẹn níwájú Ọlọ́run. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ wọ́n sí, ìwé ẹlẹ́yìn líle ni, gbogbo igun rẹ̀ ti ká kò. Bírò búlúù ni mo fi ń kọ orúkọ. Èyí tí Ọlọ́run bá dáhùn, mo máa fi pupa sàmì sí i. Ẹni tó bá kú nínú wọn, mi ò mọ àmì tó yẹ kí n fi sí i, mo kàn máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dáṣẹ́ sílẹ̀. Àkọ́bí àwọn òbí wa ni. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè gbogbo ojú ewé láti ìgbà náà. Mo gbààwẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń jí ní aago mẹ́ta òru torí rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ bá mi gbà á. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ bu omi tí yóò mu ni. Ife náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà.

Oṣù yẹn náà ni wọ́n fún mi ní orúkọ obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò pe orúkọ obìnrin yìí níwájú Ọlọ́run, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run. Mo ti ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Obìnrin náà yè. Ó wá sí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi ìjẹta, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ojú abẹ náà hàn lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó jẹ́rìí. Nígbà tí ìsìn parí, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ọwọ́ mi ni orúkọ òun wà. Ó ní nígbà tí wọ́n ń ti òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ohun tí òun rò lọ́kàn ni pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń bá òun bẹ Ọlọ́run. "Ẹ ṣeun," ó ní, "àdúrà yín ló gbé mi."

Mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Ohun tí mo lè sọ láì purọ́ nìyẹn.

Ẹ bá mi dá sí i. Kí gan-an ni àdúrà tí à ń gbà fún ẹlòmíràn ń ṣe? Èyí tí mo gbà títí ohùn mi fi há, ẹni tí mo gbà á fún ti wà nínú ilẹ̀. Èyí tí mi ò gbà rárá, ẹni náà ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí Ọlọ́run bá ti mọ ohun tí yóò ṣe, kí ló ń fi ẹnu mi ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ mi ò tó. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi níbi ìsìnkú.

Àmín Títí

Àdúrà ń gbà o! Ọlọ́run tó gbọ́ ti Hánnà á gbọ́ tiwa náà. Ẹ má rẹ̀wẹ̀sì, arábìnrin mi. Jákọ́bù 5:16, iṣẹ́ tí àdúrà olódodo ń ṣe lágbára púpọ̀! Àmín, àmín!

Bàbá Onífìtílà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo pè ọ́ lọ́mọ torí mo ti pé 74. Bó bá jẹ́ pé o jù mí lọ, foríjì mí. Kí Olúwa tu ìdílé yín nínú. Ẹni tó ń wọn ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn lẹ́bàá sàréè, ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi, ọ̀rọ̀ inú Bíbélì Yorùbá gan-an ni mo sì máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú 1 Tímótì 2:1, Pọ́ọ̀lù to nǹkan mẹ́rin: ká máa bẹ̀bẹ̀, ká máa gbàdúrà, ká máa ṣìpẹ̀, ká sì máa dúpẹ́ nítorí gbogbo ènìyàn. Ìkẹta yẹn ni tìrẹ. Ẹni tó ń ṣìpẹ̀ kò bá ti ara rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló gbé lọ́wọ́. Alágbàwí náà ńkọ́? Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò lè sọ ọ́ mọ́, tó wá ń bá a wí i. Ta ni ìwé mímọ́ wá fún ní orúkọ yẹn? Ṣí 1 Jòhánù 2:1. Jésù ni. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yín, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Hébérù 7:25 ní títí láé ló ń bẹ láàyè láti máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Wá sí Róòmù 8, wàá bá Ẹ̀mí ní ẹsẹ 26 tó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ìrora tí ẹnu ò lè sọ. Sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ 34, wàá bá Kristi lọ́wọ́ ọ̀tún Ọlọ́run, òun náà ń bẹ̀bẹ̀. Orí kan ṣoṣo, alágbàwí méjì, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ nínú wọn.

Torí náà, fún gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìwé rẹ fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orúkọ obìnrin yẹn ò ṣaláìní ẹnu tó ń pè é. Àdúrà tí à ń gbà fún ẹlòmíràn, bí èmi ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe pé a lọ jí Ọlọ́run lójú oorun. Ẹrù ti wà lórí ẹni tó lágbára, a kàn lọ fi èjìká tiwa tì í ni. Bí èjìká rẹ bá yẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹrù ò ní já lulẹ̀.

Wàá ní, ṣé kí n wá jókòó nígbà náà? Rárá o. Wo Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì 18. Ó dúró níwájú Olúwa nítorí Sódómù, ó ń bẹ̀ bí ẹni tó ń ná ọjà: 50 olódodo, 45, 40, 30, 20, ó dórí 10. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbà fún un. Ó dákẹ́ níbẹ̀. Ọmọ arákùnrin rẹ̀, Lọ́tì, wà nínú ìlú náà, ṣùgbọ́n ka àdúrà yẹn látòkè délẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bóyá ojú ń tì í láti bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀ nìkan, bóyá ó rò pé ìlú náà á yè, tí Lọ́tì á bá a yè. Ilẹ̀ mọ́, èéfín ń gòkè bí èéfín ìléru. Ìlú tó bẹ̀bẹ̀ fún ti jóná. Àmọ́ wo 19:29: Ọlọ́run rántí Ábúráhámù, ó sì rán Lọ́tì jáde kúrò láàárín ìparun náà. Kò ní Ọlọ́run rántí Lọ́tì. Ábúráhámù ló rántí. Ẹni tí wọn ò dárúkọ ni wọ́n fà jáde.

N kò sọ pé àdúrà tí o gbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ ni Ọlọ́run gbé fún obìnrin yẹn o. N kò mọ ìyẹn, ẹni tó bá sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n, sá fún un.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmúmọ́ra. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ni mo wà, òru ni mo sì sábà máa ń wọlé. Ọ̀rọ̀ Bàbá wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa ará ìjọ kì í fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní 2006, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí ẹ béèrè yìí gẹ́lẹ́. Aláìsàn 1,802 ni, ilé ìwòsàn mẹ́fà, iṣẹ́ abẹ ọkàn kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, wọ́n ní fún wọn pé bóyá àwọn kan á gbàdúrà fún yín, bóyá wọn ò ní gbà á. Wọ́n wá gbà á fún ọ̀kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Ọ̀nà kẹta, wọ́n fi dá wọn lójú pé à ń gbàdúrà fún yín, wọ́n sì gbà á. Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi tí kò rí aláìsàn kankan rí ló ń gbà á, fún ọjọ́ 14, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Orúkọ àkọ́kọ́ àti lẹ́tà kan péré lára orúkọ ìdílé ni wọ́n fún wọn. Nínú àwọn tí wọ́n gbà á fún láì mọ̀, 52 nínú 100 ni nǹkan ṣe lẹ́yìn abẹ. Àwọn tí wọn ò gbà á fún, 51. Àwọn tó mọ̀ dájú pé wọ́n ń gbà á fún àwọn, 59.

Ọjọ́ tí mo kà á, mi ò lè jẹun. Àwọn olùwádìí fúnra wọn ní 59 yẹn lè jẹ́ èèṣì. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń jókòó ti ẹni tí wọ́n ń gbé lọ fún abẹ mọ nǹkan kan tó lè fa irú rẹ̀. Ẹ wọlé tọ ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀, ẹ ní gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀ torí rẹ. Ojú rẹ̀ á yí padà. Á máa rò ó pé, "Ó ti wá le tó báyìí?" Mo ti rí i lójú wọn.

Ìwádìí yẹn ò sọ ìgbàgbọ́ mi nù, ó kàn gba ohun kan lọ́wọ́ mi, ó sì yẹ kó gbà á: mo ti ń lo àdúrà bí oògùn tí à ń wọ̀n sínú ṣíbí. Ìdílé àwọn aláìsàn tí wọn "ò gbàdúrà fún" yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ká ọwọ́ gbera ni? Ta ló lè ká ìyá lọ́wọ́ kò pé kó má pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lálẹ́ yẹn?

Bàbá àgbàlagbà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Kò lè sùn níbẹ̀, ló bá máa ń pè wá lórí fóònù lóru. Kì í béèrè pé, "Ara rẹ̀ ti yá?" Ó máa ń ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ló wà lójú ẹ̀rọ báyìí?" Mo máa kà á fún un: ìfúnpá, ọ́síjìn, bí ọkàn ṣe ń lù sí. Mo máa ń gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí lẹ ń fi í ṣe, sà? Ó ní, "Mi ò fẹ́ máa bẹ Ọlọ́run lásán láì mọ ibi tó ń dùn ún." Ọ́síjìn wà ní 88 lálẹ́ yẹn. Ó ní òun máa lọ tọrọ 90.

Ìyàwó rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kọkànlá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Mo mọ ẹlòmíràn tí wọ́n pè fún bẹ́ẹ̀ tí kò rìn jáde, torí náà kì í ṣe ẹ̀rí ni mo fi ń ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé bàbá yẹn mọ ara ìyàwó rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ dókítà lọ nígbà tí a fi parí.

Ìbéèrè Pọ̀

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní ọ̀rọ̀ méjì.

Àkọ́kọ́: ẹgbẹ́ alágbàwí yìí gan-an ló ń kọ mí lóminú. Onílàjà kan ṣoṣo ni Bíbélì sọ pé ó wà. Ní ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn ti gbà pé iṣẹ́ àwọn kan ni àdúrà. Wọ́n á kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á lọ sùn.

Ìkejì, ẹ lọ sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ọpẹ́ yẹn á máa gún yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí i. Àti pé (ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin Àmín Títí) ara rẹ̀ ni Hánnà gbàdúrà fún, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Bàbá Onífìtílà

Ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ onílàjà kan ṣoṣo tí o sọ, 1 Tímótì 2:5 ni. Ṣíṣìpẹ̀ tí mo mẹ́nu bà, 2:1 ni. Ẹsẹ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, Pọ́ọ̀lù kan náà ló sọ méjèèjì, kò sì rí i pé wọ́n ń jà. Torí pé ọ̀nà ti là ni a ṣe lè gbé ẹlòmíràn gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ nípa àwọn tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ tí wọ́n ń lọ sùn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ẹni Tí Wọ́n Gbé

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà. Èmi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, lórí ẹní.

Ọdún méjì ni mi ò lè gbàdúrà. Mi ò ní sọ ohun tó fà á, ó kan ìyàwó mi àti ọmọ tí a ò gbé délé. Bí mo bá la ẹnu, eérú ni. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, lójoojúmọ́. Kò ní béèrè nǹkan kan. Á kàn bẹ̀rẹ̀: "Olúwa, ẹ wò ó o," á pe orúkọ mi, á sọ gbólóhùn méjì, mẹ́ta, ó tán. Ó ń bí mi nínú, kí n sọ òótọ́. Mi ò lè sọ fún un pé kó dẹ́kun, mo máa ń gbé fóònù náà sórí tábìlì, mo máa lọ fọ abọ́. Ó ń gbàdúrà, mo ń fọ abọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn mọ́, mo máa nu ọwọ́ mi, mo máa ní "àmín," a óò gé e.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fọ abọ́ tán, mi ò gbọ́ "àmín." Mo gbé fóònù sétí. Ọ̀gbẹ́ni ń hanrun! Ó ti sùn lọ láàárín àdúrà, orúkọ mi ló ti sùn lé. Ẹ̀rín gbé mi. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mi ò gé e, mo jókòó, mo ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán. Ó ṣe tán, àwọn àpọ́sítélì náà sùn ní Gẹtisémánì.

Ẹ mọ ìtàn Máàkù 2, ọkùnrin arọ tí àwọn mẹ́rin gbé wá, tí wọ́n dá òrùlé lu. (Máàkù ò sọ ẹni tó tún òrùlé náà ṣe fún onílé, ó sì máa ń wù mí kí n mọ̀.) Ẹsẹ 5 ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé arọ náà ní ìgbàgbọ́ tàbí kò ní. Ó ṣeé ṣe kó máa bínú sí wọn lórí ẹní yẹn, kó máa ní kí wọ́n gbé òun padà sílé.

Arábìnrin, ẹ bi wá ní ohun tí àdúrà ń ṣe. Tèmi rèé: fún ọdún méjì, ó jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kan tí èmi ò lè ṣí wà ní ṣíṣí. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn.

Oníwèé Orúkọ

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka ti Ẹni Tí Wọ́n Gbé lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá, mi ò mọ̀ rí pé Ábúráhámù ò dárúkọ Lọ́tì, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn yẹn láìmọye ìgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ yín síwájú díẹ̀. Ẹ ní Jésù ń bẹ̀bẹ̀, Ẹ̀mí ń bẹ̀bẹ̀. Ṣé wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi náà? Bí wọ́n bá bẹ̀bẹ̀ fún un, ta ló wá kọ̀?

Bàbá Onífìtílà

Ọmọ mi, o mú mi níbi tó ti ń dùn mí. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ ni mo ti ń béèrè rẹ̀.

Díẹ̀ tí mo rí nìyí. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12: Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, ẹsẹ 2. Ó mú Pétérù, ìjọ gbàdúrà kíkankíkan, áńgẹ́lì wá tú u sílẹ̀. Ìjọ kan náà, oṣù kan náà bóyá. Ṣé wọn ò gbàdúrà fún Jákọ́bù ni? Lúùkù ò sọ, n kò sì gbà pé wọ́n kàn wò ó. Nígbà tí Pétérù dé ẹnu ilẹ̀kùn, Ródà sáré wọlé lọ sọ fún wọn, wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Ẹ wò ó, àwọn tó ń gbàdúrà náà ò gbà á gbọ́! Torí náà kì í ṣe ìwọ̀n ìgbàgbọ́ ló ya Pétérù sọ́tọ̀ kúrò lára Jákọ́bù.

Lúùkù 22 tún wà. Jésù ní Sátánì ti béèrè láti kù yín bí àlìkámà, ó yíjú sí Pétérù, ó ní mo ti gbàdúrà fún ọ kí ìgbàgbọ́ rẹ má yẹ̀. Kò gbàdúrà kí wọ́n má kù ú o. Wọ́n kù ú, ó sì sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Lálẹ́ kan náà, Jésù fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí ife náà ré òun kọjá, kò ré e kọjá. Alágbàwí tí a ní yẹn, òun náà mọ bó ṣe rí kí wọ́n má gba tẹni.

Ibi tí mo dé nìyẹn. N kò ní èyí tó kù.

Màmá Akọrin

Kékeré ni tèmi. Ọmọ mi ọkùnrin ò lọ sí ìjọ mọ́, ó di ọdún kejìlá, torí náà ti Monica, ìyá Augustine, olùkọ́ ńlá inú ìjọ àtijọ́, ni mo dì mú. Ní 383, ọmọ yẹn fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù. Ìyá fi gbogbo òru gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kó lọ. Ó purọ́ fún ìyá rẹ̀, ó lọ. Láti Róòmù ló ti dé Mìlánì, ibẹ̀ ló ti bá Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose pàdé, ibẹ̀ ló sì ti ṣèrìbọmi ní 387. Àdúrà òru yẹn ni Ọlọ́run kọ̀, kó lè rí àyè ṣe èyí tí ìyá ti ń gbà láti ọdún mọ́dún. Augustine fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ìyá kú lọ́dún 387 yẹn náà. Ó rí i kó tó lọ.

Gbogbo ìyá kọ́ ló ń rí i. Mo mọ̀.

Oníwèé Orúkọ

Mo padà wá jíṣẹ́. Mo ti lọ bá obìnrin náà.

Mo sọ ọ́ tán láì mí. Pé mi ò gbàdúrà fún un. Pé ẹ̀gbọ́n mi kú, inú ń bí mi, mo ti ìwé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí n má tàn ọ́, kò dùn mọ́ mi." Ó tún ní ó dáa tí mi ò sọ fún òun kí wọ́n tó ṣe abẹ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Ta ló wá ń gbà á nígbà yẹn?" A jọ ń ka wọ́n: ọmọbìnrin rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tí kì í gbàdúrà sókè, ẹni tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù tó kàn dédé dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo fi Jésù àti Ẹ̀mí tí Bàbá Onífìtílà sọ kún un. Ó ní ìyẹn náà ni òun gbà pé ó gbà á jù.

Ó ní kí n mú ìwé náà wá kí òun rí i. Ó wá orúkọ rẹ̀ títí, kò rí i. Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ mi kọ́ lo kọ o!" Lẹ́tà kan ni mo ṣì, ó ti sọ ọ́ di orúkọ ẹlòmíràn pátápátá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó gba bírò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ.

Ló bá ní, "Ta nìyí, tó wà lókè gbogbo ojú ewé, tí kò ní àmì kankan?"

Mo sọ fún un.

Ó béèrè bóyá ó bímọ. Mo ní méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, èyí obìnrin kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Ó ya bébà kan lẹ́yìn ìwé mi, ó nà án sí mi, ó ní, "Kọ orúkọ wọn fún mi."

Mo kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ ọ́, kí n má baà ṣi lẹ́tà kankan.